Yíyan dẹfẹ́lọ́pà fún fíìmù dúdú-àti-funfun tó lọ́ra: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń fọ fíìmù nílé l'Abẹ́òkúta

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tó ń bá dẹfẹ́lọ́pà (oògùn tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù) wá láti òkèèrè, dígírì 20 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò àkókò inú rẹ̀. L'Abẹ́òkúta, omi tó sùn nínú táǹkì orí òrùlé lè tó dígírì 30 lọ́sàn-án oṣù Kẹta, omi inú ọ̀rá tí kò tíì wọ fíríìjì kò sì jìnnà sí i. Dẹfẹ́lọ́pà tí ará Lọ́ńdọ̀nù ń yìn lè ba fíìmù yín jẹ́ níbí, bí ẹ tilẹ̀ tẹ̀lé ìwé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú owó àti orúkọ, kó tún ṣáájú ohun tí àwọn ọ̀jẹ̀ ń sọ, ẹyọ kan ni: nínú omi tí mo lè rí, ìṣẹ́jú mélòó ni dẹfẹ́lọ́pà yìí máa fún mi? Bí kò bá tó ìṣẹ́jú 5, ẹ fi í sílẹ̀, tàbí kí ẹ bu omi là á sí i.

Ìṣẹ́jú 5 yẹn ní ìdí. Dída oògùn sínú táǹkì ìfọfíìmù (ike tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, tí a ń fọ fíìmù nínú rẹ̀) ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, dídà á nù náà ń gba bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú 12, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Nínú ìṣẹ́jú 3, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án gbogbo àkókò ni. Apá fíìmù tí oògùn kọ́kọ́ kàn á ti ṣiṣẹ́ ju èyí tó kàn kẹ́yìn, ojú ọ̀run nínú fọ́tò á rí kálakàla, ilà á sì máa yọ látara àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ fíìmù. Fíìmù tó lọ́ra ni èyí ń bá jà jù, torí pé àkókò tirẹ̀ kúrú láti ilẹ̀ wá.

Fíìmù tí à ń sọ àti ìwà rẹ̀

Fíìmù tó lọ́ra ni èyí tí nọ́ńbà ISO rẹ̀ (bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) kò ju nǹkan bí 125 lọ: Ilford Pan F Plus (50), FP4 Plus (125), Delta 100, Kodak T-Max 100, Fomapan 100, Kentmere 100. Hóró fàdákà inú wọn kéré, ìyẹn ló jẹ́ kí àwòrán wọn ṣì máa mọ́ kedere bí a bá fẹ̀ ẹ́ tóbi. Àmọ́ hóró kékeré tètè máa ń dúdú nínú dẹfẹ́lọ́pà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí á ti ki kí ibi tó ṣú tó jí, ìyàtọ̀ àárín dúdú àti funfun á wá le koko. Pan F Plus ló le jù nínú wọn. FP4 Plus ló ń dárí jini jù, òun sì ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú. Delta 100 àti T-Max 100 dára, ṣùgbọ́n àṣìṣe díẹ̀ nínú àkókò tàbí ìgbóná máa ń hàn lára wọn ju ti FP4 lọ.

Ẹ wá gbé ìwà yẹn sábẹ́ oòrùn Abẹ́òkúta. Abẹ́ àpáta Olúmọ tó ṣú àti ojú ọ̀run aago méjìlá ọ̀sán máa ń wà nínú fọ́tò kan náà. Páànù tuntun ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti dípẹtà. Níbi ìgbéyàwó, léèsì funfun wà lọ́rùn ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú dáadáa, ojú rẹ̀ ni ẹni tó sanwó sì fẹ́ rí. Bí ẹ bá fi mítà ìmọ́lẹ̀ wọn ojú, léèsì á ki jù lórí nẹ́gátíìfù (fíìmù tí a ti fọ̀, níbi tí ohun tó mọ́lẹ̀ ti máa ń dúdú). Bí ẹ bá wọn léèsì, ojú á ṣófo, kò sì sí dẹfẹ́lọ́pà tó lè mú ohun tí fíìmù kò rí jáde. Nítorí náà, ojú ni kí ẹ wọ̀n. Dídá léèsì dúró kó má ki jù, iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà nìyẹn.

Dẹfẹ́lọ́pà tí a bu omi là dáadáa lè ṣe é, ọ̀nà tó ń gbà ṣe é sì rọrùn láti lóye. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ lórí fíìmù, iṣẹ́ pọ̀ fún oògùn, torí náà èyí tó ti wọ inú jẹlatí (ìpele rírọ̀ tó gbé hóró fàdákà dání lára fíìmù) níbẹ̀ tètè máa ń rẹ̀. Níbi tó ṣú, iṣẹ́ kéré, oògùn ibẹ̀ ṣì lágbára, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá máa mi táǹkì ṣáá, ibi tó mọ́lẹ̀ á máa dúró de ibi tó ṣú. Omi tí ẹ fi là á kan náà ló tún ń fa àkókò gùn fún yín nínú ooru. Ògidì dẹfẹ́lọ́pà kò ní ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ hóró ta dẹfẹ́lọ́pà olówó gọbọi fún yín. Oògùn tó ń mú hóró kéré, sódíọ̀mù sọ́fáìtì ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń yọ́ etí hóró fàdákà díẹ̀díẹ̀. Lórí fíìmù ISO 400, ìyẹn wúlò. Lórí Pan F, hóró ti kéré tán, etí àwòrán tó mú ṣáṣá nìkan lẹ máa pàdánù.

Ẹni tó bá ń ya àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ kíyè sí èyí: búlúù aró sábà máa ń mọ́lẹ̀ lórí fíìmù ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Àwọn kan á wá fi gíláàsì olómi ọsàn sẹ́nu lẹ́ńsì kí búlúù lè ṣú. Lórí Pan F, gíláàsì aláwọ̀ yẹ́lò ti tó. Ti olómi ọsàn á sọ àdìrẹ di dúdú àti funfun lásán, àwọn àwọ̀ aró tó wà láàárín á pòórá.

Ìṣirò ìgbóná

Ilford kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé iṣẹ́ tó gba ìṣẹ́jú 4 ní dígírì 20, ìṣẹ́jú 3 ló máa gbà ní dígírì 23. Ìyẹn ni pé fún dígírì 3 tó bá lé, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò. Ní dígírì 24, ẹ fi 0.68 sọ àkókò dígírì 20 di púpọ̀. Ní 26, ẹ fi 0.56. Bí ìgbóná bá ti kọjá 24, ìṣirò yìí jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán, ìdánwò ló máa sọ òótọ́.

Ohun tó fi hàn nìyí fún dẹfẹ́lọ́pà mẹ́ta: ID-11, Rodinal àti HC-110. Ògidì ni èyí tí a kò bu omi là; 1+3 ni ìwọ̀n kan oògùn sí ìwọ̀n mẹ́ta omi; 6:30 ni ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti dígírì 20, ìkejì ti 24, ìkẹta ti 26.

Pan F Plus, ISO 50:
ID-11 ògidì: 6:30, 4:25, 3:40
ID-11 1+1: 8:30, 5:45, 4:45
ID-11 1+3: 15:00, 10:10, 8:25
Rodinal 1+50: 11:00, 7:30, 6:10
HC-110 ìpele B (1+31): 4:00, 2:45, 2:15

FP4 Plus, ISO 125:
ID-11 1+1: 11:00, 7:30, 6:10
ID-11 1+3: 20:00, 13:35, 11:10
Rodinal 1+50: 15:00, 10:10, 8:25

Ẹ wo ìlà HC-110. Dẹfẹ́lọ́pà gidi ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 2:15 kì í ṣe àkókò tí ènìyàn lè fọkàn tán. ID-11 1+3 àti Rodinal 1+50 nìkan ni wọ́n dúró déédéé títí dé 26 fún Pan F. Fún FP4, àyè gbà yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dígírì 24 ni ká fi ṣe ibi tí à ń lépa. Láti sọ omi di 20 kí ó sì dúró síbẹ̀ títí tí a ó fi ṣe tán, yìnyín tó máa bá a lọ kì í ṣe kékeré, bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, omi á gbóná padà nígbà tí fíìmù ṣì wà nínú oògùn. 24 rọrùn láti dé, ó sì rọrùn láti dúró sí.

Àwọn dẹfẹ́lọ́pà

Bí ẹ bá ń fọ fíìmù kan lóṣù kan tàbí oṣù méjì, Rodinal ni kí ẹ rà. Agfa ló gbé e jáde ní 1891; lónìí Adox ń ṣe é, àwọn míràn sì ń ta irú rẹ̀ ní orúkọ R09. Ògidì rẹ̀ lè wà nínú ìgò tó ti ṣí fún ọdún púpọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ di pupa bí tíì kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Nílùú tí fíríìjì kì í fi gbogbo ìgbà ní iná, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Kò ní sọ́fáìtì púpọ̀, torí náà kì í yọ́ etí hóró. Wọ́n máa ń sọ pé ó ń mú hóró hàn, òótọ́ sì ni lórí ISO 400, ṣùgbọ́n lórí fíìmù tó lọ́ra ohun tó ń fún yín ni àwòrán tó mú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ibi tó ṣú máa ń ṣófo díẹ̀. Ẹ ya Pan F bíi pé ISO 32 ni, kí ẹ sì dín àkókò kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ má lo kéré sí ml 5 ògidì fún fíìmù kan, bó ti wù kí omi pọ̀ tó. Fún táǹkì ml 600, 1+50 jẹ́ ml 12 ògidì àti ml 588 omi. Sírínjì ml 10 láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì ni kí ẹ fi fà á; ìdérí ìgò kò ṣeé fi wọn ohun tó kéré báyìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ó ń jó awọ.

ID-11 ti Ilford àti D-76 tí Kodak ti ń tà láti 1927, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n jẹ́, àkókò ọ̀kan ni a lè lò fún èkejì. Ìyẹ̀fun ni, ẹ ó sì pò ó sí lítà kan. Ní 1+3, òun ló ń fún fíìmù tó lọ́ra ní àwọ̀ àárín tó pọ̀ jù láàárín dúdú àti funfun. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ojú ènìyàn, òun la máa mú ṣáájú Rodinal. Èyí tí ẹ ti pò tán ló ní wàhálà. Ilford sọ pé oṣù 6 ni nínú ìgò tó kún tí ìdérí rẹ̀ le, àti oṣù kan nínú ìgò tó kù sí ìdajì. Nínú ooru wa, ẹ ka oṣù 6 yẹn sí 3. Ẹ pín lítà kan sínú ìgò kéékèèké tó kún dé ẹnu, kí ẹ máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ bá ti bu omi là, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ dà á nù.

Ní 1+3, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé pé ògidì tó wà nínú táǹkì ti kéré. Táǹkì onífíìmù kan tó ń gba ml 300 yóò ní ml 75 péré, ó sì lè rẹ̀ kó tó parí iṣẹ́. Ẹ lo táǹkì onírílì méjì (rílì ni ohun tí a ń wé fíìmù mọ́ nínú táǹkì): fíìmù lórí rílì ìsàlẹ̀, rílì òfìfo lókè, ml 150 ògidì àti ml 450 omi.

HC-110 àti Ilfotec HC dára fún fíìmù tó yára. Bí ohun tí ẹ ní nìyẹn, ẹ là á dé 1+63 kí ẹ sì sọ àkókò ìpele B di ìlọ́po méjì. Pan F á wá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 5:25 ní dígírì 24, ìyẹn ṣeé fara mọ́. HC-110 tí wọ́n ń tà báyìí ṣàn ju ti àtijọ́ lọ, kì í sì pẹ́ bíi tirẹ̀, nítorí náà ẹ má gba ìtàn ìgò tó lo ogún ọdún gbọ́ nípa rẹ̀.

Perceptol ń mú hóró kéré, ó sì ń jẹ nínú ìyára fíìmù. Pan F á di nǹkan bí ISO 25. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà 35 mm lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó sì fẹ́ tẹ fọ́tò ńlá, lè rí ìwúlò rẹ̀. Ẹlòmíràn kò nílò rẹ̀. DD-X dára, ṣùgbọ́n ní 1+4, ml 120 ni táǹkì ml 600 kan ń jẹ, ìgò lítà kan kò sì ní kọjá táǹkì mẹ́jọ. Xtol mọ́ púpọ̀, àmọ́ ó lè kú lójijì láìyí àwọ̀ padà. Ẹ ó mọ̀ nígbà tí fíìmù bá jáde ní òfìfo. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń fọ fíìmù lójoojúmọ́.

Adox CMS 20 II wà lọ́tọ̀. Fíìmù ìdaàkọ ìwé ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Adotech tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló ń tu ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú. Nínú ID-11 lásán, dúdú àti funfun nìkan lẹ máa rí.

Pípò ọ́ fúnra yín: D-23 àti ewu ọ̀rọ̀ sọ́fáìtì

D-23 ni dẹfẹ́lọ́pà tó rọrùn jù láti pò nílé: metol (oògùn tó ń sọ fàdákà di dúdú) gíráàmù 7.5, sódíọ̀mù sọ́fáìtì aláìlómi gíráàmù 100, omi títí dé lítà kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ml 750 omi ní nǹkan bí dígírì 50. Ẹ ju sọ́fáìtì bí ìka mẹ́ta ṣe lè mú un sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà metol, kí ẹ rò ó títí tí yóò fi yọ́ tán, kí ẹ tó da sọ́fáìtì tó kù sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ da gbogbo sọ́fáìtì, metol á kọ̀ láti yọ́. Metol máa ń bu awọ àwọn kan jẹ, ìbọ̀wọ́ sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi àkókò ID-11 bẹ̀rẹ̀ ìdánwò; D-23 sábà máa ń lọ́ra díẹ̀ jù ú lọ.

Nílùú aláró bíi tiwa, ohun tó léwu wà nítòsí. Oògùn tí àwọn aláàdìrẹ ń pò mọ́ kọ́sítíìkì sódà kí aró lè mú aṣọ, sódíọ̀mù àìdírósọ́fáìtì ni. Orúkọ rẹ̀ jọ sọ́fáìtì, funfun ni òun náà, a sì máa ń rí i rà nítòsí. Ẹ má fi sínú dẹfẹ́lọ́pà rárá: agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń sọ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn di dúdú pẹ̀lú, gbogbo fíìmù á sì ṣú látòkèdélẹ̀. Mẹtabáísọ́fáìtì náà kọ́ ni à ń wá, ekan ni, ó ń pa agbára dẹfẹ́lọ́pà. Sọ́féètì sì tún yàtọ̀. Ẹ ka orúkọ tó wà lára ike lẹ́tà sí lẹ́tà, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti tú sínú ọ̀rá láìní orúkọ.

Omi

Omi inú ọ̀rá ni kí ẹ fi pò dẹfẹ́lọ́pà. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ korobá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ṣíṣan nìkan, kí ẹ sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Fún ìṣan ìkẹyìn, omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò dára jù nítorí kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á dáadáa pé omi lẹ fẹ́, kì í ṣe ásíìdì, torí ike méjèèjì lè jọra.

Láti sọ ml 600 omi di dígírì 24 nígbà tí ti inú ilé wà ní 30: ẹ bu ml 455, kí ẹ fi ml 145 omi fíríìjì tó wà ní dígírì 5 kún un. Bí ẹ bá fẹ́ lo Rodinal tàbí ògidì ID-11, ó wà nínú ìṣirò yìí. Ẹ yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú omi gbígbóná. Ẹ da omi tútù náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo tẹmọ́mítà.

Lẹ́yìn náà ni báàfù. Ẹ da omi sí i débi tí yóò fi bo táǹkì dé ìdajì, kí ẹ ju píọ̀ wọ́tà dídì kan tàbí méjì sínú rẹ̀, nínú ọ̀rá rẹ̀ bó ṣe wà. Táǹkì, ìgò fíkísà (oògùn tó ń yọ fàdákà tí kò dúdú kúrò kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ba àwòrán jẹ́) àti omi ìṣan, gbogbo wọn ni kó wà nínú báàfù náà fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí báàfù bá ti sún mọ́ 23, ẹ yọ yìnyín. Bó bá ń lọ sí 25, ẹ dá a padà.

Ìdí tí fíkísà àti omi ìṣan fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni pé jẹlatí ń wú nínú omi gbígbóná. Bó bá kúrò ní 24 bọ́ sínú omi ẹ̀rọ tó wà ní 31 lẹ́ẹ̀kan náà, ojú rẹ̀ lè hunjọ wẹ́wẹ́, àbí kó rọ̀ débi tí èékánná á fi há a. Ẹ jẹ́ kí gbogbo omi wà láàárín dígírì 2 síra wọn.

Fífọ̀ ọ́

1. Ẹ wọ fíìmù sórí rílì nínú òkùnkùn birimùbirimù. Ọwọ́ tó làágùn máa ń jẹ́ kí fíìmù lẹ̀ mọ́ rílì oníke; òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí òru ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

2. Ẹ da dẹfẹ́lọ́pà sí i, kí aago bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ẹ gbá ìsàlẹ̀ táǹkì mọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ìfófòó lè kúrò lára fíìmù.

3. Fún ID-11, ẹ dojú táǹkì dé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mẹrin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá le nígbà tí ẹ ya fọ́tò náà, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì. Fún Rodinal, ẹ máa dojú rẹ̀ dé jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 kọ̀ọ̀kan.

4. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ máa dà á jáde. Omi ìdádúró (oògùn tó ń dá iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà dúró) tàbí omi lásán, ìṣẹ́jú-àáyá 30.

5. Fíkísà 1+4. Ẹ kọ́kọ́ ju ègé etí fíìmù tí ẹ gé kúrò sínú rẹ̀, kí ẹ wo ìgbà tó máa mọ́ gara. Ìlọ́po méjì àkókò yẹn ni fíìmù yín nílò. Fún Delta àti T-Max, ìlọ́po mẹ́ta. Bí ègé náà bá ju ìṣẹ́jú 2 lọ kó tó mọ́, fíkísà ti ń kú lọ.

6. Ṣíṣan tí kò jẹ omi púpọ̀: ẹ da omi sí i, ẹ dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dà á nù, omi míràn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, omi ìkẹta, ogún ìgbà. Lẹ́yìn náà omi bátìrì pẹ̀lú ẹ̀kán kan tàbí méjì oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dá tótó lára fíìmù. Lásìkò ọyẹ́, balùwẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí ilẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi í kọ́ sí, nítorí eruku.

Àwọn kan ń fi Rodinal 1+100 sílẹ̀ fún wákàtí kan láìmì í. Ní ilẹ̀ tútù ó lè dára. Níbí, báàfù á gbóná láàárín wákàtí yẹn, fíìmù á ṣú nídìí, ilà á sì yọ láti inú ihò etí rẹ̀. A kò dábàá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò ní ọ̀nà láti dá ìgbóná dúró.

Pan F ní àbùkù kan tí a kò lè fi dẹfẹ́lọ́pà tún ṣe: àwòrán tí ẹ ti yà sórí rẹ̀ máa ń ṣá bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ilford ní kí a má jẹ́ kó ju oṣù 3 lọ, ooru inú mọ́tò á sì dín in kù síwájú sí i. Fíìmù tí ẹ bá fẹ́ fi sínú kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ oṣù, láti ayẹyẹ kan dé òmíràn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ FP4.

Ìdánwò, àti bí a ṣe ń ka nẹ́gátíìfù

Ẹ lo fíìmù kan fún ìdánwò kí ẹ tó gba iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹ wá ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun, kó dúró sí oòrùn, kí ògiri tó ṣú wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ Pan F lẹ lò, ẹ yà á ní ISO 50, 32 àti 25, kí ẹ tún un ṣe títí fíìmù yóò fi tán. Nínú òkùnkùn, ẹ gé e sí mẹ́ta. Ẹ fọ ìdá kìíní ní àkókò tó wà lókè, kí ẹ wò ó kí ẹ tó fọ èkejì.

Ibi tó ṣú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ògiri bá ṣófo tí kò yàtọ̀ sí etí fíìmù, ìmọ́lẹ̀ ló kéré. Ẹ lọ sí ISO tó kéré sí i. Fífi kún àkókò kò ní mú un wá, aṣọ nìkan ló máa ki sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ibi tí aṣọ funfun wà lé orí ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà kà gba inú rẹ̀ kọjá, ó wà bó ṣe yẹ. Bí lẹ́tà bá pòórá, ẹ dín àkókò kù ní ìdá 15 nínú 100 fún ìdá kejì fíìmù. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, tí nọ́ńbà etí fíìmù náà sì ṣá, àkókò ló kéré tàbí oògùn ló ti bàjẹ́. Bí nọ́ńbà etí bá dúdú dáadáa, ẹ lọ wo mítà yín.

Bí àárín ojú ọ̀run bá yàtọ̀ sí etí rẹ̀, mímì ló pọ̀ jù tàbí kò dọ́gba. Bí àmì róbótó kéékèèké tó mọ́ bá wà, ìfófòó ni, ẹ kò gbá táǹkì tó. Bí fíìmù bá ní àwọ̀ wàrà, ẹ dá a padà sínú fíkísà tuntun, kò tíì bàjẹ́. T-Max máa ń ní àwọ̀ osùn díẹ̀ bó bá jáde; fíkísà tó pẹ́ sí i àti ṣíṣan dáadáa á mú un lọ.

Ẹ kọ ìgbóná, àkókò, ìwọ̀n omi àti ọjọ́ tí ẹ pò oògùn sára àpò nẹ́gátíìfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ sára ìgò oògùn pẹ̀lú, kí ẹ má sì fi ike ohun mímu ṣe ìgò wọn láé: nínú ilé tí ọmọdé wà, Rodinal tó ti pọ́n jọ Coke. Dẹfẹ́lọ́pà tí ẹ ti lò, ẹ fi omi púpọ̀ là á kí ẹ dà á sí ṣaláńgá, jìnnà sí kànga. Fíkísà tí ẹ ti lò ní fàdákà nínú. Ẹ gbá a jọ sínú ike ọ̀tọ̀, ẹ má dà á sílẹ̀.